Ìparí tí a Tún Ṣe: Àyẹ̀wò Ipa tí Àtúnṣe Ìgbẹ̀yìn ń ní lórí Ìmọ̀lára Òǹwòran nínú Fíìmù Mẹ́ta

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìparí fíìmù wò nígbà tí àwọn tí ó ṣe é bá padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí wọ́n yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan kún un, tàbí tí wọ́n fi ohun kan rọ́pò òmíràn. Fíìmù mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni The Gold Rush, tí Charlie Chaplin ṣe ní ọdún 1925 tí òun fúnra rẹ̀ sì tún ṣe ní 1942. Èkejì ni Blade Runner, tí Ridley Scott darí ní 1982, tí ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn sì jáde ní 1992 àti 2007. Ẹ̀kẹta ni Return of the Jedi, tí Richard Marquand darí ní 1983 lábẹ́ àbójútó George Lucas, tí a sì fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1997, 2004 àti 2011.

Ọ̀nà méjì ni èrò àwọn ènìyàn sábà máa ń pín sí lórí irú àtúnṣe báyìí. Àwọn kan ní ẹni tí ó ni nǹkan ni ó ni àṣẹ lórí rẹ̀. Bí ó bá wù ú, kí ó máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Àwọn mìíràn ní ohun tí aráyé bá ti wò tí wọ́n sì ti gbà tọkàntọkàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Èrò tiwa ni pé kò sí èyí tí ó kájú ọ̀rọ̀ náà nínú méjèèjì, nítorí pé wọ́n ń jà lórí ẹni tí ó ni eré, wọn kò sì bèèrè ohun tí ìparí eré ń ṣe. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ bèèrè ni èyí: nígbà tí òǹwòran bá sunkún tàbí tí ó rẹ́rìn-ín ní ìparí, kí ni ó fa ẹkún tàbí ẹ̀rín náà, níbo nínú eré ni ó sì ti wá? Bí a bá mọ èyí, a ó lè ya àtúnṣe tí ó ran ìparí lọ́wọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó pa á lára.

2. Ìparí gẹ́gẹ́ bí gbèsè

A lè fi ìparí eré wé ọjọ́ tí a ń san gbèsè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni eré ti ń jẹ òǹwòran ní gbèsè: ó fi ẹnì kan hàn án tí ebi ìfẹ́ ń pa, ó fi ọmọ kan hàn án tí kò mọ baba rẹ̀, ó sì mú kí ó máa retí. Bí ìparí bá dé, tí a san gbèsè náà fún ẹni tí a jẹ ẹ́, ní iye tí a jẹ ẹ́, ọkàn òǹwòran yóò balẹ̀, yálà ẹkún ni ó ń sun tàbí ẹ̀rín ni ó ń rín.

Ohun méjì ni ó tẹ̀ lé èyí. Èkíní ni pé a lè yí ìparí padà láìfọwọ́ kan ìran ìkẹyìn rárá. Bí a bá yí bí a ṣe jẹ gbèsè náà padà láàárín eré, owó kan náà tí a san ní ìparí kò ní níye lórí bákan náà mọ́. Èkejì ni pé ìran ìkẹyìn lè lẹ́wà sí i, kí ó tóbi sí i, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni a san gbèsè náà fún. Àwọn kókó méjì yìí ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àyẹ̀wò wa.

3. The Gold Rush: lẹ́tà kan àti ìfẹnukonu kan

Ìtàn ọkùnrin tálákà kan tí ó lọ wa wúrà ní ilẹ̀ yìnyín ni ìtàn The Gold Rush. Ó fẹ́ràn obìnrin kan tí ń jẹ́ Georgia, ẹni tí ń jó nínú ilé ọtí ìlú náà. Georgia kò kà á sí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn yóò wá bá a jẹun ní alẹ́ àìsùn ọdún tuntun, wọn kò sì wá. Ọkùnrin náà tẹ́ tábìlì, ó sùn lọ níbẹ̀, ó sì lá àlá pé wọ́n wá, pé òun fi fọ́ọ̀kì gún búrẹ́dì méjì, òun sì ń mú wọn jó fún wọn bí ẹsẹ̀ ènìyàn.

Nínú ẹ̀dà 1925, Georgia kọ lẹ́tà kan ní ọjọ́ kejì. Jack, ọkùnrin olójú-ẹwà tí ó ń fẹ́, ni ó kọ ọ́ sí. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jack fi lẹ́tà náà ṣẹ̀sín, ó sì ní kí wọ́n gbé e fún awakùsà tálákà yìí. Ẹni yìí kà á, ó gbà pé òun ni a kọ ọ́ sí, inú rẹ̀ sì dùn tayọ ààlà. Ayọ̀ rẹ̀ dúró lórí irọ́, àwa òǹwòran sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láìpẹ́, ó di olówó rẹpẹtẹ. Nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé e padà sílé, ó wọ aṣọ àkísà rẹ̀ àtijọ́ nítorí àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn. Ó ṣubú sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí Georgia wà. Georgia ti gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹnì kan tí ó sá wọ ọkọ̀ láìsanwó. Ó rò pé òun ni. Ó fi í pamọ́, nígbà tí wọ́n sì rí i, ó ní òun yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Ibí ni a ti san gbèsè. Georgia kò mọ̀ pé ó ti di olówó. Ẹni tí ó ti fi ìyà rẹ̀ ṣeré rí ni ó fẹ́ fi ìwọ̀nba owó tí ó ní gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Ìfẹ́ tí lẹ́tà irọ́ ṣèlérí ni ọwọ́ òtítọ́ wá san. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gòkè, tí ayàwòrán ní kí wọ́n dúró kí òun yà wọ́n. Wọ́n fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu, ayàwòrán sì ń ráhùn pé wọ́n ti ba àwòrán òun jẹ́.

Ní 1942, nígbà tí fíìmù tí ń sọ̀rọ̀ ti gbòde, Chaplin yọ àwọn àkọsílẹ̀ tí ń hàn lójú àwòrán kúrò, ó fi ohùn ara rẹ̀ pìtàn dípò wọn, ó fi orin sí i, ó sì gé e kúrú. Ohun méjì tí ó ṣe ni ó kàn wá. Ó yọ ìfẹnukonu ìkẹyìn náà kúrò, tí ó fi jẹ́ pé bí àwọn méjèèjì ti ń gun àtẹ̀gùn lọ ni eré parí. Ó sì yí lẹ́tà náà padà: awakùsà gan-an ni Georgia kọ ọ́ sí báyìí, tí ó ń tọrọ àforíjì pé òun kò wá jẹun.

Àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀ lórí ìparí The Gold Rush sábà máa ń dá ìfẹnukonu náà nìkan mọ́jú. Lójú tiwa, lẹ́tà ni ó ṣe pàtàkì jù. Yíyọ ìfẹnukonu kúrò fi ìtìjú díẹ̀ kún ìparí náà. Ó mú ẹ̀rín ayàwòrán lọ, ṣùgbọ́n kò ba ohun tí a san jẹ́. Ìyípadà lẹ́tà ni ó dín gbèsè kù. Bí Georgia bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà àforíjì sí ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀, oore tí ó ṣe nínú ọkọ̀ kò yà wá lẹ́nu mọ́. Ó wulẹ̀ ń tẹ̀ síwájú nínú ohun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ní 1925, Georgia yí padà ní ojú wa, nínú ọkọ̀. Ní 1942, ó ti yí padà kí ó tó wọ ọkọ̀. Ìran oore nínú ọkọ̀ kò yí padà ní ohun tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n ẹkún tí ó wà nínú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

4. Blade Runner: àtúnṣe tí ó dá ìparí padà

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni ó máa ń dára jù, ẹ jẹ́ kí á wo Blade Runner. Nínú fíìmù yìí, iṣẹ́ Deckard ni láti máa dọdẹ àwọn ènìyàn àtọwọ́dá tí wọ́n sá wá sí ilé ayé. Ó wá nífẹ̀ẹ́ Rachael, tí òun náà jẹ́ ènìyàn àtọwọ́dá. Ẹ̀mí irú àwọn ènìyàn yìí kì í gùn. Ikú wọn ti wà nínú bí a ṣe dá wọn.

Nígbà tí àwọn tí ó náwó sí fíìmù náà fi han àwọn òǹwòran kan láti dán an wò, tí àwọn yẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀, wọ́n mú kí a fi ohùn Deckard pìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì so ìparí aláyọ̀ mọ́ ọn. Ní ìparí yìí, Deckard àti Rachael ń wa mọ́tò lọ láàárín òkè àti igbó tútù, ohùn Deckard sì ń sọ fún wa pé Rachael kò ní ọjọ́ ikú kan tí a dá fún un bí ti àwọn yòókù. Díẹ̀ nínú àwòrán òkè àti igbó náà kì í tilẹ̀ ṣe ti fíìmù yìí. Ara èyí tí ó ṣẹ́kù nígbà tí Stanley Kubrick ń ṣe The Shining ni a ti mú un. Ìyẹn ni pé owó tí a fi san gbèsè, láti àpò ẹlòmíràn ni a ti yá a. Eré tí ó ti fi wákàtí méjì sọ fún wa pé gbogbo ẹ̀mí ni ó ní òpin wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo yọ Rachael kúrò nínú òfin náà.

Ẹ̀dà 1992 yọ ohùn apìtàn kúrò, ó yọ òkè àti igbó kúrò, ó sì fi àlá kúkúrú kan kún àárín eré, nínú èyí tí Deckard rí ẹṣin oníwo kan tí ó ń sáré. Ní ìparí, Deckard rí ẹṣin oníwo kékeré kan tí Gaff, ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi bébà ṣe sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ilẹ̀kùn padé mọ́ òun àti Rachael, eré sì parí. Ẹṣin bébà yìí ti wà níbẹ̀ láti 1982. Ohun tí ó túmọ̀ sí nígbà náà kò ju pé Gaff dé ibẹ̀, ó rí Rachael, ó sì ṣàánú rẹ̀. Lẹ́yìn tí àlá ti wọ inú eré, ó di àmì pé Gaff mọ ohun tí Deckard ń lá lálàá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì bóyá Deckard fúnra rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn àtọwọ́dá.

A rí i níhìn-ín pé òfin kan náà tí ó ṣiṣẹ́ nínú lẹ́tà Georgia ni ó tún ṣiṣẹ́ nínú àlá Deckard: ohun tí a yí padà láàárín ni ó yí ìparí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Àtúnṣe The Gold Rush dín gbèsè kù; àtúnṣe Blade Runner yọ owó ayédèrú kúrò, ó sì jẹ́ kí ìparí náà san ohun tí eré jẹ ní tòótọ́, èyí ni iyè méjì àti ìfẹ́ tí ó mọ̀ pé òun yóò kú. Nítorí náà, a kò lè fi ọjọ́ orí ẹ̀dà dájọ́.

5. Return of the Jedi: orin, ojú àti ohùn

Inú fíìmù yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, nítorí pé ìparí rẹ̀ ni ìparí ìtàn tí a ti bẹ̀rẹ̀ láti 1977. Gbèsè tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ti ọmọ àti baba. Luke ti gbọ́ pé Darth Vader, apànìyàn tí ó wà nínú ìbòjú dúdú, ni baba òun. Gbogbo àgbà ni ó sọ fún un pé kò sí ohun rere kankan tí ó kù nínú baba náà. Òun nìkan ni ó ní ó kù. Níwájú Olú-ọba, Luke ju ohun ìjà rẹ̀ nù, ó kọ̀ láti pa baba rẹ̀. Olú-ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi mànàmáná dá a lóró. Baba wo ọmọ, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó tún wo ọmọ, ó sì gbé ọ̀gá náà jù sínú ọ̀gbun. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Luke ṣí ìbòjú òun kí òun lè fi ojú ara òun wò ó. Ojú arúgbó kan, tí ó kún fún àpá, ni a rí. Sebastian Shaw, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ni ó ní ojú náà.

5.1 Orin àti àwọn ìlú mìíràn

Ní 1983, inú igbó Endor nìkan ni a ti ṣe àjọyọ̀ ìṣẹ́gun, pẹ̀lú orin àwọn Ewok, àwọn ẹ̀dá kéékèèké onírun tí ń gbé ibẹ̀. Ní 1997, a yọ orin náà kúrò, John Williams, tí ó ṣe orin àkọ́kọ́, ṣe òmíràn dípò rẹ̀, a sì fi àjọyọ̀ ní ìlú mẹ́ta mìíràn kún un. A tún fi ti Naboo kún un ní 2004. Àtúnṣe yìí ní ìdí. Ìjọba Olú-ọba kárí ayé púpọ̀. Kò burú bí a bá rí i pé ayé púpọ̀ ni ó yọ̀. Orin tuntun náà sì ní ìbànújẹ́ díẹ̀ nínú, èyí tí ó bá ọkàn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun òkú baba rẹ̀ mu. Síbẹ̀, ohun kan bọ́ sọnù. Àjọyọ̀ 1983 jẹ́ àjọyọ̀ agbo ilé kan. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni a mọ̀ ní ojú àti ní orúkọ. Àwọn èrò ìlú tí a fi kún un kò jẹ wá ní gbèsè kankan, nítorí pé a kò bá wọn jìyà rí. Ìparí náà fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò jìn mọ́ bí ó ti jìn tẹ́lẹ̀.

5.2 Ojú

Àtúnṣe 2004 ni ó kan ẹ̀jẹ̀ ìtàn. Ní 1983, bí àjọyọ̀ ti ń lọ, Luke yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rí ẹ̀mí àwọn mẹ́ta tí wọ́n dúró tí wọ́n ń wò ó: Yoda, Obi-Wan àti baba rẹ̀. Ojú Sebastian Shaw ni ojú baba náà, ṣùgbọ́n láìsí àpá lára rẹ̀ mọ́. Ní 2004, a mú ojú Shaw kúrò, a sì fi ti Hayden Christensen síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣe Anakin nínú fíìmù 2002, tí ó sì tún ṣe é nínú ti 2005.

Àlàyé tí a sábà ń gbọ́ ni pé nígbà tí Anakin di Vader ni ènìyàn rere inú rẹ̀ kú, nítorí náà ojú ìgbà náà ni ó yẹ kí ẹ̀mí rẹ̀ ní. Àlàyé yìí dára fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti fíìmù ìgbà ọ̀dọ́ baba. Kò dára fún Luke. Ìgbà kan ṣoṣo ni ọmọ yìí rí ojú baba rẹ̀, ojú arúgbó sì ni. Nígbà tí ojú kan náà tún yọ sí i, tí ara rẹ̀ ti dá, a mọ̀ pé Luke dá a mọ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tí òun fi ẹ̀mí òun wéwu nítorí rẹ̀ ni ó padà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró níbẹ̀ báyìí, Luke kò rí i rí láyé. Òǹwòran nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè tí a jẹ ọmọ ṣe di ohun tí a san fún òǹwòran.

Ó tún ku ọ̀kan. Shaw ṣì ni ojú tí ó wà lábẹ́ ìbòjú nínú ẹ̀dà yìí kan náà. Baba kan wá di olójú méjì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Obi-Wan, ní tirẹ̀, dúró gẹ́gẹ́ bí àgbà tí ó kú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí lè wà ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó ronú pìwà dà gbọ́dọ̀ padà sí ìgbà tí kò tíì dẹ́ṣẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ìdáríjì nínú ìparí náà mọ́. Ohun tí fíìmù 1983 sọ ni pé arúgbó tí ó ti ṣe búburú pọ̀ lè yí padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ rẹ̀, kí a sì gbà á bí ó ti rí. Ohun tí fíìmù 2004 sọ ni pé a gba ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó ṣe búburú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbólóhùn méjì yìí tóbi ju ìyàtọ̀ ojú òṣèré méjì lọ.

5.3 Ohùn

Ní 2011, a fi igbe sí ẹnu Vader. Bí ó ti ń wo ọmọ àti ọ̀gá, ó ní rárá. Bí ó sì ti gbé ọ̀gá rẹ̀, ó tún kígbe rárá gígùn. Ẹni tí ó bá mọ fíìmù 2005 yóò rántí pé irú igbe bẹ́ẹ̀ ni Vader ké níbẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó fi í síbẹ̀ fẹ́ so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin.

Ṣùgbọ́n agbára ìran náà ní 1983 wà nínú pé ìbòjú kò lè sunkún. Orí nìkan ni ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, orin ń ga sí i, àwa tí a ń wò sì ni a ń sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn baba náà. Olúkúlùkù òǹwòran ni ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ara rẹ̀ pé kí ó gba ọmọ rẹ̀ là. Nígbà tí a fi igbe sí i, a gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òǹwòran. Ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó wá di ohun tí a ń sọ fún un.

6. Ta ni ó ni ìparí?

Ẹnì kan lè bi wá pé ṣé àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ ọnà alohùn ni ó yẹ kí ó máa ṣàròyé lórí àyípadà. Apàlọ́ méjì kì í pa àlọ́ kan náà bákan náà. Oníjàlá pàápàá kì í sun ìjálá kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìyí nǹkan padà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú agbo ni oníjàlá ti ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, níbi tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti lè dá a lóhùn. Èyí tí ó sun lánàá sì wà ní etí àwọn tí ó gbọ́ ọ àti ní ẹnu akẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun kò lágbára láti pa ẹ̀dà àtijọ́. Ti fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni ín lè kó ẹ̀dà àkọ́kọ́ kúrò lọ́jà, kí ó sì pe èyí tí ó kù ní fíìmù náà gan-an. Ní 2006, a ta ẹ̀dà 1983 fún ìgbà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún lásán, láti inú àwòrán tí a ti ṣe ní 1993, láìtún un ṣe kí ó mọ́ kedere. Ní ti Blade Runner, a kó ẹ̀dà márùn-ún jáde pa pọ̀ ní 2007, kí olúkúlùkù lè yan èyí tí ó fẹ́. Ẹ̀dà 1925 ti The Gold Rush náà kò parun. Kevin Brownlow àti David Gill tún un tò ní 1993.

Ní ti àṣẹ ẹni tí ó ṣe é, àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ tirẹ̀ tán, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọmọ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Marquand tí ó darí Return of the Jedi kú ní 1987. Shaw kú ní 1994. Nígbà tí a mú ojú Shaw kúrò ní 2004, kò sí èyí tí a lè bi léèrè nínú àwọn méjèèjì. Ní 1988, Lucas àti Steven Spielberg ti lọ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà láti sọ̀rọ̀ tako àwọn tí ń yí fíìmù àtijọ́ padà, tí wọ́n ń kun fíìmù aláwọ̀ dúdú-àti-funfun ní àwọ̀. Spielberg fúnra rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà yọ ìbọn kúrò lọ́wọ́ àwọn agbófinró inú E.T. ní 2002, ó kábàámọ̀ rẹ̀ ní gbangba, ó sì dá ìbọn náà padà nínú ẹ̀dà 2012. Kò sí ohun tí ó fi hàn jù báyìí lọ pé ẹni tí ó ṣe eré náà wà lára àwọn tí àtúnṣe lè ṣì lọ́nà.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìmọ̀lára tí ó wà ní ìparí fíìmù kò sí nínú ìran ìkẹyìn nìkan. Inú ohun tí eré ti jẹ òǹwòran ní gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó wà. Àtúnṣe lè dín gbèsè náà kù, bí lẹ́tà Georgia. Ó lè yọ owó ayédèrú kúrò, bí ìparí Blade Runner ní 1992. Ó sì lè san án fún ẹlòmíràn, bí ojú tuntun tí a fún baba Luke. Lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò fúnra rẹ̀.

Ohun tí a rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa láti máa ṣe kò ṣòro. Nígbàkúùgbà tí a bá ń kọ̀wé lórí ìparí fíìmù, ẹ jẹ́ kí á máa dárúkọ ọdún ẹ̀dà tí a wò, bí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ewì alohùn ti ń dárúkọ ẹni tí ó kéwì àti ọjọ́ tí ó ké e. Ẹni tí ó wo Return of the Jedi ní 1983 àti ọmọ rẹ̀ tí ó wò ó ní 2011 lè jókòó sójú kan kí àwọn méjèèjì máa sunkún, kí ó sì jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sunkún lé lórí kì í ṣe ọ̀kan. Bí a kò bá sọ èyí fún wọn, wọn yóò rò pé ọkàn ara wọn ni ó yàtọ̀, wọn kò ní mọ̀ pé fíìmù ni.